Bísíkíìtì Alága

"Iyọ̀ dà? Mo ní iyọ̀ dà? Ìwọ aránṣọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ níta pé nínú ilé ọmọ mi ni wọ́n ti ń se oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n?"

"Mọ́mì, ajá ló ni ín."

"Ajá kì í ṣe ẹ̀dá Ọlọ́run ni? Àbí wọn ò dá ahọ́n mọ́ ọn?"

"Wọ́n dá a mọ́ ọn, mà. Dókítà ló ní ahọ́n náà ò gbọdọ̀ kan iyọ̀."

Ìyá Kantíìnì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbójú sókè àjà bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Ilé ìdáná náà kéré débi pé bí èèyàn méjì bá wọ ibẹ̀, ọ̀kan ní láti mí síta kí èkejì tó ráyè mí sínú. Síbẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti gba orí tábìlì, ó ti gba inú àdìrò, ó tún ti gba abọ́ ńlá tí ìyá fi ń fọ ẹran. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n gún kúnná, ló wà nínú abọ́ náà, òun àti óòtì lílọ̀, kárọ́ọ̀tì tí wọ́n rin àti ẹyin. Àlùbọ́sà ò sí níbẹ̀. Ata ò dé ìtòsí. Ìyàwó yìí fi ìgò òfìfo yí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ó wá ń fi ìdérí agolo bọ́tìnnì rẹ̀ gé e ní róbótó-róbótó, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń gé aṣọ ìyàwó.

"Bísíkíìtì ajá!" Ìyá tu ọ̀rọ̀ náà jáde bí egungun ẹja. "Mo ti se oúnjẹ fún ọ̀gá pátápátá, mo ti se fún agbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń fapá jánú, oúnjẹ mi ni wọ́n gbé jáde fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. N ò gbé àwo tí ò níyọ̀ síwájú ẹ̀dá kankan rí."

"Àwa náà mọ̀, mà."

Ohùn ìyàwó náà rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó já bí abẹ́rẹ́ sórí àwo.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mà."

Kì í ṣe ẹnu lásán ni ìyá ń fọ́n o. Ọmọdébìnrin ló wà tó ti dé ìdí ìkòkò ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ibẹ̀ ló sì wà títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ á ti ìdí iná ìléru jáde lọ́sàn-án, òógùn á máa ṣàn lára wọn bí omi ẹ̀rọ, wọ́n á máa wá iyọ̀ kiri bí ewúrẹ́. Ìkòkò tó fi ń se ọbẹ̀ fún wọn ga dé ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan, òmíràn, òmíràn, ó parí, kò sẹ́ni tó ráhùn rí. Ìyá ò tọ́ ọbẹ̀ wò láyé rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ọwọ́ ni àgbà fi ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ nínú ohun tó bá sè, nítorí òórùn ọbẹ̀ a ti yó o kó tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Tíì àti búrẹ́dì ni oúnjẹ alẹ́ tirẹ̀, àtijọ́ àtayébáyé. Ìkòkò ilé ọmọ rẹ̀ yìí ò tóbi ju akoto ọlọ́kadà lọ. Ẹ̀kúnwọ́ náà ò yí padà.

Bó bá sì ku ẹni tó fẹ́ jiyàn, ìyá ní ẹ̀rí. Kí wọ́n lọ wo àwo! Ní alaalẹ́ tó bá bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó, tó lọ mu tíì rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, tó bá fi máa padà dé, àwo méjèèjì á ti mọ́ gbá bí ẹni pé wọ́n fi ahọ́n lá a. Ta ló ń lá àwo oúnjẹ tí ò dùn?

Ohun tó ń jà á nínú ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà, mẹkáníìkì tí kì í fọhùn ju èyí tí ẹ́ńjìnnì bá fún un láyè lọ, dìde dúró lójijì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá jókòó, kí ìyàwó máa dáná." Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kí ó jókòó ṣe kí ni? Ẹni tí wọ́n bá gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó ń jẹ́? Wọn ò pè é ní Ìyá Pálọ̀. Ìyá Kantíìnì ni wọ́n pè é. Ó wo ìyàwó lọ́jọ́ náà, ó wo ọmọ, ó padà sídìí ìkòkò. Àfi bí ilẹ̀ òní ṣe mọ́ tí ìyàwó gbé tíréè kalẹ̀, tó ní òun fẹ́ ṣe bísíkíìtì fún ajá! Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rèé. Lónìí, bísíkíìtì ajá. Lọ́la, ọbẹ̀. Lọ́túnla, wọ́n á gbé ìyá sí pálọ̀ bí àga, wọ́n á máa nù ún láràárọ̀.

Ajá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń jà sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dí ibẹ̀ pa. Alága ni wọ́n ń pè é, nítorí ikùn rẹ̀ àti bó ṣe máa ń jókòó bí ẹni tí ìpàdé ń dúró dè. Nígbà tí ọmọ ìyá gbé e wálé, inú fìlà ló gbé e sí. Báyìí, àgbà méjì ló ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó sanra, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó sì ń mumi bí ẹni tó jẹ garawa lówó. Dókítà ẹranko tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìpápánu tí wọ́n ń rà fún un lórí igbá, kí wọ́n máa ṣe tirẹ̀ nílé, láìfi iyọ̀ sí i. Ó ní òun á yà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ òní láti wá wọ̀n ọ́n wò.

"Ó dáa," ni ìyá wí. Ó na ṣíbí ọbẹ̀ gígùn rẹ̀ sí ìyàwó. "Ìwọ ti se tìrẹ. Èmi náà fẹ́ se tèmi. Bí dókítà bá dé, a gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú Alága. Bó bá yà sọ́dọ̀ rẹ, mo gbé ṣíbí yìí fún ọ, n ò tún ní dáná nínú ilé yìí mọ́ láé. Bó bá yà sọ́dọ̀ mi, kí o gbájú mọ́ máṣíìnì ẹ, èèwọ̀ ni àdìrò fún ọ."

"Mọ́mì, dókítà ò ní gbà kó jẹ tiyín."

"Ta ló ní kó jẹ ẹ́? Kó gbóòórùn ẹ̀ lásán. Òórùn ọbẹ̀ mi nìkan tó oúnjẹ ẹlòmíì."

Ìyàwó gbé tíréè sínú àdìrò, ó yí iná náà wálẹ̀ kí wọ́n lè yan díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gbẹ. Ó nu ọwọ́, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, mà?"

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

"Mo gbà, mà."

Ó yára gbà jù. Ìyá retí ẹkún, ó retí ẹ̀bẹ̀, ó kéré tán ó retí kí ó bá òun jiyàn díẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tó fi agbára ti ilẹ̀kùn tí wọn ò tì.

Kò bá a fà á. Ó gbé ìkòkò kaná. Ẹran tó dára jù nínú ẹ̀rọ amómitutù ló kó jáde, ó dín in, ó po ata mọ́ ọn, ó da ọ̀dùnkún sí i. Ó bu iyọ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan, òmíràn, òmíràn. Ó dé e. Òórùn náà gba ilé kan, ó ti ojú fèrèsé jáde, ìyá sì mí kanlẹ̀ bí ọ̀gágun tó ti rí ẹ̀yìn ọ̀tá.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Oníbàárà kan wá wọ gáwùn tó fẹ́ gbà wò, ìyàwó sì lọ bá a ní pálọ̀. Ó wá ku ìyá nìkan nínú ilé ìdáná, òun àti ìdajì ìyẹ̀fun pípò bísíkíìtì tí wọn ò tíì gé, tó nà sílẹ̀ lórí tábìlì, tó ṣá bí ojú aláìsàn.

Ìyá wò ó. Àánú ẹ̀ ṣe é, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Kò sí ète búburú kankan nínú ọkàn rẹ̀. Bí èèyàn ṣe máa ń rí ọmọ ọlọ́mọ lójú òtútù tí yóò wá nǹkan bò ó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ó nawọ́ sí ìgò iyọ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbé e lọ sórí tábìlì.

"Mọ́mì, mo ń rí yín nínú dígí."

Ìyá dúró gbagidi. Dígí gbọ̀ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn dojú kọ ilé ìdáná tààrà. Ìyàwó wà lórí eékún lẹ́yìn obìnrin tó ń wọ gáwùn, ó kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, kò tilẹ̀ yíjú. Oníbàárà ọ̀hún sì ń fẹ̀rín pamọ́, ó ku díẹ̀ kí gáwùn rẹ̀ tú níbàdí.

"Kí lo rí? Mo ń lé eṣinṣin ni!"

"Ẹ fi iyọ̀ lé e, mà?"

"Eṣinṣin ilé yìí ò gbọ́ràn!"

Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ wá wà lọ́wọ́ ìyá, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Òfin kan wà ní kantíìnì tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u: iyọ̀ tó bá ti jáde nínú ìgò kì í padà síbẹ̀. Ìyá ṣí ìkòkò tirẹ̀, ó da iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó dé e padà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ wọlé. Òróró ọkọ̀ dé e ní ìgúnpá, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ẹ kú ilé o. Ebi fẹ́ pa mí kú. Búrẹ́dì tí mo rà, taya ọkọ̀ gùn ún mọ́lẹ̀."

"Ọmọ mi! Mo ti se ọbẹ̀."

Ó gbóòórùn náà. Ó wo ìkòkò. Ojú rẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n mú ìwé ìpẹ̀jọ́ fún. "Ó ń ta sánsán, Mọ́mì," ló wí, ó sì lọ fọ ọwọ́. Ó pẹ́ gan-an lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

Dókítà náà ò pẹ́ dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó gbé òṣùwọ̀n há abíyá, oògùn ẹranko sì ń run lára rẹ̀ bíi lófínńdà. Kò jókòó. Ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní àárín pálọ̀, ó ní kí ọmọ ìyá gbé Alága kó gùn ún. Ó wò ó. Ó ní kó sọ Alága kalẹ̀ kó tún un gùn lóun nìkan. Ó wò ó, ó tún un wò, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ajá yìí ti sanra sí i ju ìgbà tí mo wọ̀n yín gbẹ̀yìn."

"Áà!" ni ìyàwó wí.

"Ṣùgbọ́n ìwọ, ọ̀gá," dókítà yíjú sí ọmọ ìyá, "ìwọ ti rù sí i. Ohun tó já bọ́ lára rẹ, àfi bí ẹni pé ajá ló ṣà á."

"Iṣẹ́ ni," ìyá dá a lóhùn kíákíá. "Iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í jẹ́ kéèyàn lẹ́ran lára. Nílé, oúnjẹ ò wọ́n ọn. Ẹ wá wo àwo rẹ̀ lálẹ́!"

Dókítà ṣí ẹnu Alága, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó wo abọ́ omi tó gbẹ táútáú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyàwó sáré lọ bu omi sí i.

"Oúnjẹ oníyọ̀ ni ajá yìí ń jẹ. Ó sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Ta ló ń fún un?"

Ìyàwó wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo òkè.

"Kì í ṣèmi o!" Ìyá fọwọ́ sáyà. "Kí n tó bu oúnjẹ tí mo fọwọ́ mi sè fún ajá, kí ṣíbí yìí lé mi kúrò nílé. Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sú wa. Ẹjọ́ wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ máa bá wa dá."

Ó ṣàlàyé. Dókítà ní ajá ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọbẹ̀ ìyá. Ìyá ní imú nìkan ló máa fi kàn án, dókítà sì gbà. Wọ́n gbé àwo ìyá sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹran ń dán gbinrin nínú òróró, èéfín ń rú. Wọ́n gbé bísíkíìtì sápá òsì. Wọ́n ti gbẹ dáadáa, bí dókítà ṣe fi èékánná kan ọ̀kan, ó dún kó bí ilẹ̀kùn. Dókítà di ọrùn Alága mú, wọ́n sì jẹ́ kó máa bọ̀.

Alága dé ibi àwo ìyá. Ó sún imú mọ́ ọn. Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín. Alága mí kanlẹ̀, ó yí padà, ó gba ìdí abọ́ omi lọ tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ó mu ún bí awakọ̀ tó ń kún táǹkì nítorí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó mu ún tán, ó wọ abẹ́ tábìlì oúnjẹ, ó gbé àgbọ̀n lé àga kan, ó lanu sílẹ̀, ó ń dúró.

"Ta ló ń jókòó sórí àga yẹn?" ni dókítà béèrè.

Alága dúró títí, kò rí nǹkan kan, ó bá kúrò níbẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé àga kejì, ó tún lanu.

"Ìyẹn ńkọ́?"

Ìyàwó fi téèpù ọrùn rẹ̀ wé ìka. Ọkọ rẹ̀ họ orí.

Ìyá wo àga méjèèjì. Ó wo abẹ́ tábìlì. Àwo tó ń mọ́ gbá lálaalẹ́ kọjá lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èrò náà jókòó.

"Àánú ajá ló ń ṣe wọ́n," ló wí. "Wọ́n láàánú. Èmi ni mo tọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan dáadáa, a máa fún aládùúgbò."

Dókítà ò bá a jiyàn. Ó ju bísíkíìtì kan sílẹ̀. Alága fò lé e bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti sọnù, ó rún un wómúwómú, ìrù rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ tábìlì. Ó tún wá òmíràn. Ó lá ilẹ̀ ibi tí èérún rẹ̀ ta sí.

"Ó ti yà sí òsì," ni dókítà wí.

"Ajá!" Ìyá pariwo. "Ajá lásán! Ẹ gbọ́ o, ẹnu tó jẹ sálúbàtà mi, tó jẹ idẹ ẹ̀ mọ́ ọn, ṣé ẹnu yẹn náà ni yóò dá ẹjọ́ ọbẹ̀? Mo kọ̀. Mo pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọmọ tí mo bí, tí ọbẹ̀ mi wò dàgbà, òun ni kó dá a."

Ó gbé àwo náà kúrò nílẹ̀, ó bu òmíràn tó gbóná, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó fa tíréè bísíkíìtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fa àga.

"Jókòó. O ò tíì jẹun láti àárọ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ mú lọ sẹ́nu, òun ló jàre. Bó bá jẹ́ tìyàwó rẹ, kó wá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi lójú dókítà."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́." Ìyàwó di ìyá lápá. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣíbí yín ni. Mi ò gba nǹkan kan."

"Ẹ̀rù ti ń bà ọ́!"

"Kì í ṣe ẹ̀rù, mà. Ẹ máa dáná yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kó mú."

"Gbẹ́nu dákẹ́! Ọmọ mi, jẹun!"

Ọmọ náà jókòó. Kò kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó mú ṣíbí. Ìyá tẹ̀ síwájú. Ọmọ náà bu ọbẹ̀, ó gbé e sókè, òróró ń kán. Ó gbé e dé àgbọ̀n, ó gbé e dé ètè, ikùn rẹ̀ kùn débi pé gbogbo ilé gbọ́. Ní abẹ́ tábìlì tó ti padà sí, Alága dìde fúnra rẹ̀, ó rọra fi abẹ́ àga sílẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ dókítà.

Ọmọ náà wò ó bó ṣe ń lọ. Ó wo ṣíbí. Ó gbé ṣíbí náà padà sínú àwo jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí àwo, ó mú bísíkíìtì kan, ó bù ú jẹ. Ó dún kó. Ó jẹ ẹ́, ó dijú, ó mú èkejì. Lẹ́yìn náà ó fa tíréè náà mọ́ àyà.

"Ìyàwó," ló wí, ẹnu rẹ̀ kún, "ṣé ó ṣì kù nínú àdìrò?"